Ṣé Ibi Tí Wọ́n Fi Wá Sí Ni Yóò Sọ Ohun Tí A Ó Dà?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jọ̀wọ́ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní dúró sórí pápá. Yóò kan gbogbo wa kí n tó kádìí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe gólíkípà, ẹni tí àwọn oníròyìn ń pè ní aṣọ́lé, fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa níbí ní Òkè Ọya. Pápá wa kò ní koríko. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a máa bo ibẹ̀ débi pé ẹni tó dúró sí ojú ilé kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ojú ilé kejì. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì lọ di àgùnbánirọ̀. A jókòó sábẹ́ igi dongoyárò kan láti yan ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan dárúkọ mi. Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹnì kan fi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Gólíkípà kẹ̀? Kí ni gólíkípà mọ̀ ju kó fò mọ́ bọ́ọ̀lù lọ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dé ikùn ni. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń gbá àárín.

Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ṣé lóòótọ́ ni pé ibi tí ènìyàn dúró sí ló ń sọ ohun tí yóò dà lọ́la? Èkejì: bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ṣé ó tọ́ kí á fi ibi tí a fi ẹnì kan sí dá a lẹ́jọ́?

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín kò sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí òkìkí wọn kàn jù láyé òde òní. Pep Guardiola, àárín ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona, níwájú àwọn ará ẹ̀yìn gan-an. Carlo Ancelotti gba ife ẹ̀yẹ Champions League ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní 2003, 2007, 2014, 2022 àti 2024. Àárín ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Roma àti Milan. Zinedine Zidane gba ife kan náà ní ọdún mẹ́ta léraléra, láti 2016 sí 2018; àárín ni. Diego Simeone, àárín. Xabi Alonso kó Bayer Leverkusen gba líìgì Jámánì ní 2024 láì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nínú líìgì náà, Victor Boniface ọmọ wa sì wà nínú ikọ̀ yẹn. Àárín ni Alonso náà ti gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí pápá.

Ẹ sún mọ́ ilé díẹ̀. Emerse Faé tó fi Ivory Coast nà wá ní 2-1 ní Abidjan ní oṣù kejì 2024, tí kò jẹ́ kí a gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wálé, agbábọ́ọ̀lù àárín ni tẹ́lẹ̀. Aliou Cissé tó gba ife yẹn fún Senegal ní 2022, àárín ni òun náà, níbi tí wọ́n ti ń dá alátakò dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn.

Ní ilé tiwa gan-an, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Christian Chukwu, tí gbogbo ayé ń pè ní Chairman, ẹ̀yìn ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni balógun ikọ̀ tó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 1980. Ó padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà, ó sì bá wa gba ipò kẹta ní 2004. Stephen Keshi, Big Boss, ẹ̀yìn ni. Ó jẹ́ balógun nígbà tí a gba ife ní 1994, ó sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí a tún gbà á ní 2013. Ṣáájú rẹ̀, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Augustine Eguavoen tó gba ipò kẹta pẹ̀lú Super Eagles ní 2006, ẹ̀yìn ni òun náà.

Kí ló fà á? Kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó wà láàárín ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń gbé e fún iwájú. Kò lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láì mọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ ṣe. Ẹni tó wà lẹ́yìn, gbogbo pápá ló wà níwájú rẹ̀, ẹnu ló sì fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀: "Sún mọ́ ọn! Ẹnì kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ! Ẹ gòkè!" Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù iwájú, ilé alátakò ló ń wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló kẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé dúró, kò lè rí i. Nínú bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń fúnni ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ibi ìjókòó pàápàá ń kọ́ni.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Didier Deschamps. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Faransé, Eric Cantona fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé apọnmi lásán ni, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Deschamps ni balógun ikọ̀ Faransé tó gba Ife Àgbáyé ní 1998. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2018, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nínú gbogbo ìtàn ife náà, àwọn mẹ́ta péré ló ti ṣe irú rẹ̀: Mário Zagallo ti Brazil, Franz Beckenbauer ti Jámánì, àti apọnmi yìí. Nínú ilé tiwa, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń pọnmi ló ń mọ ìgbà tí omi kù sísàlẹ̀ àmù?

Títí dé ibí, ẹjọ́ mi ń ṣòro fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé rírí gbogbo pápá ló ń sọ ènìyàn di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ta ló rí pápá tó aṣọ́lé? Fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló fi ń wo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Iṣẹ́ aṣọ́lé nìyẹn. Síbẹ̀ àwọn aṣọ́lé tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá kò pọ̀. Dino Zoff wà nínú wọn, ẹni tó jẹ́ balógun Ítálì nígbà tó gba Ife Àgbáyé ní ọmọ ogójì ọdún ní 1982, tó sì kó Ítálì dé àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní 2000. Julen Lopetegui wà níbẹ̀, tó gba Europa League pẹ̀lú Sevilla ní 2020. Nuno Espírito Santo wà níbẹ̀, tó kó Wolves gòkè sí Premier League ní 2018. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ ó máa wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Apá kan ìdáhùn jẹ́ ìṣirò lásán: aṣọ́lé kan ṣoṣo ló wà nínú àwọn mọ́kànlá, nígbà tí àárín máa ń gba ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kọ́. Ọ̀tọ̀ ni àwọn aṣọ́lé máa ń ṣe ìgbáradì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kọ́ wọn. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ wọ́n ni kí wọ́n wá kọ́ àwọn aṣọ́lé mìíràn. Ike Shorunmu tó ṣọ́ ilé fún Super Eagles ló wà lẹ́yìn Keshi ní 2013 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn aṣọ́lé. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fi ojú kéré rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú tí aṣọ́lé fi ń wo pápá kò burú; ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un ló ní ọgbà yí i ká.

Ìbéèrè mìíràn tún wà. Ṣé àárín ló kọ́ Guardiola lọ́gbọ́n ni, àbí nítorí pé Johan Cruyff ti rí ọgbọ́n náà lára rẹ̀ ló ṣe fi í sí àárín? Ẹni tó ń yan ikọ̀ ti máa ń ní èrò kan nípa ọmọ kí ó tó fi í síbì kan. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń bi ìbéèrè, a fi í sí àárín. Ọmọ tó lè sáré, a fi í sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní àárín ló ń bí olórí, ó lè jẹ́ pé èrò tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni a kàn ń kà padà fún ara wa.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ní 1963, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Oscar Grusky, tẹ ìwádìí kan jáde lórí eré baseball tí wọ́n ń fi igi gbá níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn tí iṣẹ́ wọn so mọ́ ti ẹlòmíràn lórí pápá, bí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, àti àwọn tó dúró sí inú pápá lọ́hùn-ún, ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó padà di olùdarí ikọ̀. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, àti àwọn tó dúró jìnnà ní etí pápá, kò tó wọn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àárín wa náà nìyẹn.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì mìíràn, John Loy àti Joseph McElvogue, bi ìbéèrè tó kù: àwọn wo ni wọ́n ń fi sí etí pápá? Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé etí pápá ni àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, nínú baseball àti nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Èrò kan wà lórí àwọn ènìyàn nígbà náà pé ẹsẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú ní, pé ọpọlọ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ àárín. Jackie Robinson ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá baseball nínú líìgì ńlá wọn láyé òde òní, ní 1947. Ní oṣù kẹwàá 1972, ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú, ó dúró níwájú gbogbo ènìyàn níbi àṣekágbá eré náà, ó sì sọ pé òun ṣì ń retí ọjọ́ tí òun yóò rí aláwọ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí olùdarí ikọ̀. Kò rí i. Ọdún 1975 ni Frank Robinson, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní etí pápá, di olùdarí àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, ní Cleveland. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá láti 1947.

Ẹ wo bí ẹjọ́ náà ṣe yí po. Wọ́n kọ́kọ́ fi ènìyàn sí etí pápá nítorí wọ́n rò pé kò lè ronú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò lè ṣe olórí, nítorí etí pápá ló ti wá. Ẹni tó fi mí sínú kòtò ló tún ń bi mí léèrè ìdí tí amọ̀ fi wà lẹ́sẹ̀ mi. Nítorí náà, ibi tí a dúró sí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Nígbà mìíràn, ìdájọ́ ni, ìdájọ́ tí wọ́n dá kí ẹlẹ́jọ́ tó lanu.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí láàárín kò ní ìmọ̀ náà, bóyá ìwà ìrẹ́jẹ ni tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀." Èsì mi ni pé ẹ wo àwọn tó jẹ́rìí takò ó. Alex Ferguson tó wà ní Manchester United láti 1986 dé 2013, tó gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, agbábọ́ọ̀lù iwájú ni. Cruyff tó bá Barcelona gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1992, iwájú ni. Samson Siasia tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún wa ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008, tó tún gba idẹ ní Rio ní 2016, iwájú ni. Emmanuel Amuneke, ọmọ ẹ̀gbẹ́ pápá tó gbá góòlù méjèèjì wọlé Zambia ní àṣekágbá 1994, òun ló kó àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọn kò ju ọdún 17 lọ gba Ife Àgbáyé ní 2015. Ó tún mú Tanzania dé ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 2019, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógójì tí wọ́n ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Sunday Oliseh tó jẹ́ ọ̀gá àárín, tí góòlù rẹ̀ sí ilé Spain ní 1998 kò kúrò lọ́kàn wa, kò lò tó ọdún kan gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò dúró síbì kankan tó lórúkọ lórí pápá. Arrigo Sacchi ń ta bàtà ní ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kó Milan gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990. Nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè pé bọ́ọ̀lù wo ló gbá rí, ó dáhùn pé kò di dandan kí ẹni tó ń gun ẹṣin ti jẹ́ ẹṣin rí. José Mourinho ni ògbufọ̀ fún Bobby Robson, láti Sporting dé Porto dé Barcelona. Ohun tí ọ̀gá bá sọ ló ń sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní èdè tó yé wọn. Ní 2004 ó gba Champions League pẹ̀lú Porto, Nuno tí mo dárúkọ lókè sì wà nínú ikọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé tó ń jókòó sórí àga ìdúródè. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwàásù ní ìpàdé wa, ẹ gbọ́ o! Bàbá Adégbóyè Onígbìndé ti Modákẹ́kẹ́ kó Nàìjíríà gba ipò kejì nílẹ̀ Áfíríkà ní 1984, wọ́n sì tún kó wa lọ sí Ife Àgbáyé ní 2002. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù gbígbá ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di olókìkí.

Kí ni ohun tó so gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀? Mo rò pé Zagallo ló dá mi lóhùn jù. Wíńgà ni, ọmọ ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣùgbọ́n nínú ikọ̀ Brazil tó gba Ife Àgbáyé ní 1958 àti 1962, kì í dúró de bọ́ọ̀lù níwájú bí àwọn wíńgà ìgbà náà ti ń ṣe. Ó máa ń sá padà wá ran àárín àti ẹ̀yìn lọ́wọ́, débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ èèrà kékeré. Ní 1970 òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Brazil tó tún gba ife náà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ pààlà sí ohun tí òun yóò bójú tó. Ibi tí a dúró sí ń sọ ohun tí a máa rí láì wá a. Kò lè sọ ohun tí a máa rí bí a bá wá a. Àárín rọrùn láti kọ́ ọgbọ́n, nítorí pé bí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá wo ẹlòmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ yóò bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní etí pápá, ènìyàn lè yege láì wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń wò níbẹ̀, ó ń wò nítorí pé ó fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ra níbí, nítorí ẹnì kan lè mú ọ̀rọ̀ yìí lò láìdáa. Ó lè sọ pé, "Bí ẹni tó wà ní etí pápá bá lè kọ́ ọgbọ́n, kí ló tún ń sunkún sí? Kí ó wò dáadáa, yóò dé ibi tó ń lọ." Rárá o. Jackie Robinson kò ṣe aláìwò. Gbèsè méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan kò sì san èkejì. Gbèsè ẹni tí a fi síbì kan ni kí ó la ojú rẹ̀ níbẹ̀. Gbèsè ẹni tó ń yan ènìyàn ni kí ó má ṣe sọ ibẹ̀ di ìdájọ́. Bí mo bá san tèmi, tí ìwọ kò san tìrẹ, ẹjọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ.

Ó tún yẹ kí á rántí pé ṣíṣe olórí kì í ṣe owó ọ̀yà fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Diego Maradona, ta ló gbá a tó o? Síbẹ̀, Jámánì fi góòlù mẹ́rin sí òdo ṣá ikọ̀ Argentina rẹ̀ lulẹ̀ ní 2010. Thierry Henry lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ní Monaco. Èyí kò dín iyì wọn kù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Iṣẹ́ kan ni gbígbá, iṣẹ́ mìíràn ni kíkọ́ni. Ẹni tó bá ń gbá góòlù wọlé títí tó fi fẹ̀yìn tì ti ṣe tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ wò ó bí ẹni tí kò débì kankan.

Ìtàn Cissé ló máa ń wá sọ́kàn mi bí mo bá ń ronú lórí ohun tí ènìyàn lè fi ibi tó dúró sí ṣe. Ní 2002, ní Bamako, òun ni balógun Senegal ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Cameroon. Ọ̀rọ̀ di pẹnáritì, ó gbá tirẹ̀ sọnù, ife bọ́ lọ. Ní 2019 ó tún dé àṣekágbá gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó tún pàdánù. Ní 2022, ọ̀rọ̀ tún di pẹnáritì pẹ̀lú Íjíbítì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà á, ife àkọ́kọ́ nínú ìtàn Senegal. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé àárín tó ti gbá bọ́ọ̀lù nìkan ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ fún ọmọ tó ń lọ gbá pẹnáritì. Ibi tó ti kùnà náà kọ́ ọ.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó kù kí n sọ ibi tí mo ti ṣẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé ìpàdé abẹ́ igi dongoyárò yẹn, wọ́n ní kí èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn dábàá orúkọ àwọn tí yóò darí ẹgbẹ́ wa ní sáà tó ń bọ̀. Ẹnì kan dárúkọ arákùnrin kan tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀. Ẹ mọ irú wọn. Òun ló ń dé kí gbogbo wa tó dé, òun ló ń gbẹ̀yìn lọ. Ìta ló ń wà nígbà tí orin bá ń lọ nínú. Nítorí pé ìta ló wà, òun ló ń rí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó sì padà. Òun ló mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lálẹ́ nítorí pé kò ní owó ọkọ̀. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló mọ̀." Kò sẹ́ni tó jiyàn. A kọjá sí orúkọ tó kàn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Gólíkípà kẹ̀? Kí ni gólíkípà mọ̀? Bàbá Dáfídì pàápàá kò rántí láti pè é wálé nígbà tí wọ́n ń wá ọba; ẹ̀yìn àgùntàn ló ṣáà wà. Mo ti máa ń gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, mo sì máa ń bínú sí Jésè. Mi ò mọ̀ pé ìjókòó Jésè ni mo wà lọ́jọ́ yẹn.

Arákùnrin náà ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí. Ọdún mẹ́rin ló fi wo gbogbo wa láti ìta, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó rí. Mo pè é lórí fóònù lóṣù tó kọjá, mo sọ ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tí kò dé ikùn ni.

Ẹ̀yin ará, àsìkò tí a ó tún yan àwọn mìíràn ti ń sún mọ́. Ìwọ tí wọ́n fi sí etí pápá, la ojú rẹ níbẹ̀. Ohun kan wà tí ìwọ nìkan lè rí láti ibẹ̀, ẹnì kan yóò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwọ tó wà láàárín, má ṣe rò pé ọgbọ́n rẹ nìkan ló gbé ọ débẹ̀. Ẹnì kan ló fi ọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìwọ tó sì máa jókòó láti yan ènìyàn, kí o tó sọ pé iṣẹ́ báyìí ni lágbájá mọ̀, lọ bá a níbi tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bi í léèrè ohun tó ń rí láti ibẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti gbọ́ tán, kí o wá sọ bóyá ó lè ṣe é tàbí kò lè ṣe é. Bí o bá sọ pé kò lè ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní bá ọ jà.